Bí keyframe ṣe ń yí àwọ̀ fídíò padà láìjẹ́ kí ojú fura

Tí kámẹ́rà bá tẹ̀lé ìyàwó láti inú yàrá bọ́ síta láìdúró, ìmọ́lẹ̀ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló máa wà nínú fídíò kan ṣoṣo. Iná yẹ́lò táwọn onífídíò ń tàn sínú ilé máa ń wà ní nǹkan bí 3200K (K, ìyẹn Kelvin, ni wọ́n fi ń wọn àwọ̀ ìmọ́lẹ̀), oòrùn ọ̀sán wà ní nǹkan bí 5600K. Bí kámẹ́rà bá wà ní ti inú ilé, búlúù ni gbogbo nǹkan á dà gbàrà tí ìyàwó bá yọ síta. Àtúnṣe kan ò lè kárí méjèèjì; èyí tó mú kí gèlè dáa nínú yàrá ló máa ba ojú jẹ́ níta.

Ibí ni keyframe ti wọlé. Ẹni tó ń tún àwọ̀ ṣe á sàmì sí férémù kan, ìyẹn ọ̀kan nínú àwọn àwòrán tó para pọ̀ di fídíò, pé báyìí ni kí àwọ̀ rí níbí, á tún sàmì sí òmíràn níwájú pẹ̀lú àwọ̀ mìíràn, kọ̀ǹpútà á sì ṣírò gbogbo ohun tó wà láàárín. Ọgbọ́n àwọn oníkátúùnù ayé àtijọ́ ni: ọ̀gá á ya àwọn ìdúró tó ṣe pàtàkì, ọmọ iṣẹ́ á ya ìyókù.

Nínú DaVinci Resolve, ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń tún fídíò ṣe, ti ilé iṣẹ́ Blackmagic Design, ojú ewé Color ni wọ́n ti ń ṣe é, nísàlẹ̀ lápá ọ̀tún. Ìlà Master ló wà lókè, node kọ̀ọ̀kan, ìyẹn àpótí tí wọ́n ń kó àtúnṣe àwọ̀ kan sí, sì ní ìlà tirẹ̀ lábẹ́ rẹ̀. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́ sábà máa ń sáré lọ sórí Master, bẹ́ẹ̀ gbogbo node lohun tó bá ṣe síbẹ̀ máa kàn. Ó sàn kí wọ́n ya node kan sọ́tọ̀ fún ìyípadà ìmọ́lẹ̀ yẹn, kí keyframe mọ síbẹ̀. Bí oníbàárà bá dé lọ́la tó ní ojú òun dúdú jù, inú node mìíràn ni wọ́n á ti tún un ṣe.

Oríṣi méjì ni. Dynamic, tó rí bíi dáyámọ́ńdì, ń yí díẹ̀díẹ̀ títí dé èkejì. Static, tó rí róbótó, ń yí lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn kan kì í ka static sí, àmọ́ òun ló tó lẹ́ńsì tí òrùka ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ń dún kẹ̀kẹ̀: kẹ̀ kan, ìmọ́lẹ̀ ti fò sókè. Bí wọ́n bá fi dynamic sí irú ibẹ̀, fídíò á kọ́kọ́ ṣókùnkùn kó tó fò.

Ibi tí wọ́n máa fi í sí gan-an ló le. Nínú fídíò tó ní férémù 25 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, bí ìyàwó bá fi ìṣẹ́jú-àáyá méjì gba ẹnu ọ̀nà, 50 férémù nìyẹn. Ká má fojú bù ú. Kí wọ́n ṣí waveform, àwòrán tó ń fi bí ìmọ́lẹ̀ fídíò ṣe pọ̀ tó hàn, kí wọ́n máa fi bọ́tìnnì ọfà rìn ní férémù kọ̀ọ̀kan títí ìlà á fi bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè. Keyframe àkọ́kọ́ dé ibẹ̀. Èkejì, ibi tí ìlà ti dúró. Méjì yẹn sábà máa ń tó. Tí ojú bá ṣì ń rí ibi tó ti bẹ̀rẹ̀, bọ́tìnnì ọ̀tún máòsì lórí keyframe náà á mú ibi tí wọ́n ti ń tún bí ó ṣe ń yí ṣe wá, wọ́n á sì jẹ́ kí ìyípadà náà gbéra wọ́ọ́rọ́wọ́, kó balẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́. Ẹni tó bá ń rọ ìkẹta àti ìkẹrin sáàárín, fídíò rẹ̀ á máa mí sókè sódò bí ẹni tó sùn.

Keyframe aládàáṣe, èyí tí kọ̀ǹpútà ń fúnra rẹ̀ fi sí i, náà ń fa mímí yìí. Bí wọ́n bá gbàgbé rẹ̀ ní títàn, àtúnṣe kékeré èyíkéyìí á di keyframe tuntun. Àgádágodo wà níwájú ìlà kọ̀ọ̀kan. Kí wọ́n tì í tí iṣẹ́ ibẹ̀ bá ti parí.

Ti window, ìyẹn ààlà tí wọ́n fi yí ibi tí wọ́n fẹ́ tún ṣe ká, tí wọ́n fi bo ojú ẹni tó ń rìn, tracker, ohun èlò tó ń tẹ̀lé ohun tó ń rìn, ló ni ìyẹn, kì í ṣe keyframe àfọwọ́ṣe. Àfi bí ẹnìkan bá gba iwájú kámẹ́rà kọjá tí tracker sì ṣìnà. Wọ́n á pa apá tó bàjẹ́ rẹ́, wọ́n á yí tracker láti Clip (gbogbo fídíò náà) sí Frame (férémù kan ṣoṣo), wọ́n á fọwọ́ gbé window padà sórí ojú náà níbi tó ti fara sin àti ibi tó ti tún yọ, kọ̀ǹpútà á sì so àárín wọn pọ̀.