Ayétòrò létí òkun: ṣé àwọn ará ibẹ̀ ò rí ilẹ̀ míì ni?

Gbogbo ìgbà táwọn èèyàn wa n'Íléṣà níbí bá rí fídíò ilé tó ń wó sínú omi ní Ayétòrò, ìbéèrè kan náà ni wọ́n máa ń bi mí, torí wọ́n mọ̀ pé ilẹ̀ wíwọ̀n niṣẹ́ mi: ṣé àwọn yẹn ò rí ilẹ̀ míì kọ́lé sí ni? Mi ò bínú sí wọn, ẹni tó dàgbà sórí òkè àti àpáta bíi tiwa, tó jẹ́ pé kó gbẹ́lẹ̀ díẹ̀ báyìí, ó ti kan ilẹ̀ tó le, kò lè tètè yé e. Àmọ́ ìbéèrè yẹn máa ń dùn mí, ẹ jẹ́ n ṣàlàyé.

Ìlàjẹ ni ìlú yẹn wà, ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó, téèyàn bá dé Ìgbókòdá, ọkọ̀ ojú omi ló máa wọ̀ lọ síbẹ̀. 1947 ni wọ́n dá a sílẹ̀. Ọmọ ìjọ aládùúrà ni wọ́n, Holy Apostles ni wọ́n ń pera wọn, ara Kérúbù àti Séráfù ni wọ́n ti ya wá, wọ́n sì ń fojú wọn rí màbo lábúlé wọn nítorí ìgbàgbọ́ wọn, ni wọ́n bá kó jáde lọ síbi tẹ́nikẹ́ni ò ní bá wọn dù, ìyẹn orí ẹrẹ̀ etí òkun.

Ohun tí wọ́n wá fi ẹrẹ̀ yẹn dá ló yà mí lẹ́nu jù. Òpó igi ni wọ́n rì mọ́lẹ̀ tí wọ́n kọ́lé lé lórí, títì ìlú náà, pákó ni wọ́n kàn. Kò sówó oṣù, kò sí tèmi-tìẹ, gbogbo ẹja tí wọ́n bá pa, àpò kan ló ń wọ̀, àpò yẹn náà ló ń bọ́ gbogbo wọn tó ń ra aṣọ fún wọn. Wọ́n ń kan ọkọ̀ ojú omi, wọ́n ń hun aṣọ, wọ́n ń ṣe bàtà, wọ́n ń ṣe búrẹ́dì, wọ́n ń se ọṣẹ, iná mànàmáná sì ti wà níbẹ̀ kí Nàìjíríà tó gbòmìnira ní 1960, nígbà tí ọ̀pọ̀ ìlú tó jù ú lọ ṣì ń tan àtùpà. Ọba wọn náà lolórí ìjọ. Ó tó nǹkan bí ogún ọdún kí wọ́n tó gbà kí oníkálukú máa ní tiẹ̀. Ọmọ òṣómàáló ni mí, mo mọ béèyàn ṣe ń dúró ti owó ẹ̀, mo gbà fún wọn tọkàntọkàn.

Ẹ wá gbọ́ ti ilẹ̀ o. Láti Àgbádárìgì dé Lẹ́kkí, yanrìn ló wà létí òkun, ìgbì ló ń gbé e rìn lọ sápá ìlà oòrùn. Kó tó dé Ìlàjẹ, àfonífojì jíjìn kan wà nísàlẹ̀ òkun, Avon Canyon, ibẹ̀ ni yanrìn ń já sí, ẹrẹ̀ ló wá kù fún etí òkun Ìlàjẹ. Yanrìn tómi gbé lọ lónìí, ó lè gbé e padà lọ́la, torí ó wúwo, kì í rìn jìnnà kó tó balẹ̀. Ẹrẹ̀ ò rí bẹ́ẹ̀, tó bá ti pò mọ́mi, ó lọ nìyẹn.

Ẹ bu ẹrẹ̀ odò kún abọ́ kan, ẹ gbé òkúta lé e, kẹ́ ẹ padà wá wò ó láàárọ̀ ọjọ́ kejì, omi á ti yọ sókè létí abọ́, òkúta á ti rì. Bí ilẹ̀ Ayétòrò ṣe ń fún pọ̀ tó ń lọ sílẹ̀ fúnra ẹ̀ nìyẹn, òkun sì ń ga sí i níwájú. Àwọn tó ń wa epo tún gbẹ́ ojú omi lágbègbè yẹn, omi iyọ̀ ráyè wọlé, ó pa igi àti koríko tó ń di ilẹ̀ mú.

Wọ́n ti sún sẹ́yìn, wọ́n tún sún, àmọ́ irà ló wà lẹ́yìn ìlú, òkun náà sì ni oúnjẹ wọn. Láti 2004 ni wọ́n ti gbé kọ́ńtíráàtì ìdènà òkun jáde, ọ̀pọ̀ ilé ti wọmi látìgbà yẹn. Lójú tèmi, ògiri kọnkéré tí wọ́n bá kàn gbé lé ẹrẹ̀ máa rì ni. Yanrìn ni kí wọ́n kọ́kọ́ fi ẹ̀rọ fà wá látinú òkun, kó pọ̀, kí wọ́n jẹ́ kó jókòó dáadáa, ẹ̀yìn náà ni kí wọ́n tó da òkúta ńláńlá síwájú ẹ̀, kí wọ́n sì máa fi yanrìn kún un lọ́dọọdún, torí òkun ò ní yéé bù ú.