Ọjà Tí Ẹni Tó Tà Á Kò Mọ Iye Rẹ̀: Ìgbà Wo Ni Òfin Lè Tú Àdéhùn?

Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2021, tọkọtìyàwó arúgbó kan ń palẹ̀ ilé kan mọ́ ní gúúsù ilẹ̀ Faransé, wọ́n sì ta àwọn ẹrù àtijọ́ inú rẹ̀ fún oníṣòwò kan tó máa ń ra àlòkù. Ìbòjú onígi kan wà lára ẹrù náà. Baba àgbà ọkọ, tó ṣiṣẹ́ ìjọba amúnisìn ní Áfíríkà, ló kó o bọ̀ láyé ọjọ́un. Yúrò 150 ni wọ́n gbà lórí rẹ̀. Nígbà tó di ọjọ́ 26 oṣù kẹta ọdún 2022, wọ́n tà á ní gbàǹjo nílùú Montpellier, ó sì lọ ní mílíọ̀nù 4.2 Yúrò. Inú ìwé ìròyìn ni àwọn tó kọ́kọ́ tà á ti kà á, ni wọ́n bá gba ilé ẹjọ́ lọ pé kí ó fagi lé títà àkọ́kọ́.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló máa rò pé irú ìyàtọ̀ owó báyìí nìkan tó láti tú àdéhùn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Abala 1136 nínú ìwé òfin ilẹ̀ Faransé sọ pé ẹni tó mọ ohun tó ń tà, ṣùgbọ́n tó dá iye tí kò tọ́ lé e, kò lè tìtorí ìyẹn gba ọjà rẹ̀ padà. Ẹnikẹ́ni tó bá ti nájà rí mọ ìdí rẹ̀: bí ẹni tó tajà bá lè sáré padà wá nígbàkigbà tó bá gbọ́ pé wọ́n tún ọjà òun tà lówó gọbọi, kò sí ọjà tí yóò parí láé. Abala 1132 ló ṣí ilẹ̀kùn díẹ̀. Àṣìṣe tó bá kan irú ohun tí ọjà náà jẹ́ gan-an lè sọ àdéhùn di òfo, bí kò bá ti jẹ́ àṣìṣe tí kò ní àwíjàre. Ẹni tó mọ̀ pé wúrà ni òun ń tà, tó sì gba owó kékeré, iye ló ṣì. Ẹni tó rò pé idẹ ni, tó sì jẹ́ wúrà, ohun náà fúnra rẹ̀ ló ṣì.

Tọkọtìyàwó mìíràn rí àǹfààní èyí gbà. Ní 1968, wọ́n ta àwòrán kan ní gbàǹjo fún 2,200 fránkì, nítorí amòye ti sọ pé iṣẹ́ àwọn ọmọlẹ́yìn Carracci, ìdílé ayàwòrán kan ní Ítálì, ni. Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Louvre lo ẹ̀tọ́ tí ìjọba ní láti rọ́pò olùrà, kò sì pẹ́ tí wọ́n fi gbé e kọ́ sójú táyé gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ Nicolas Poussin, ayàwòrán olókìkí ará Faransé. Kò sẹ́ni tó lè fọwọ́ sọ̀yà pé Poussin ló yà á lóòótọ́, síbẹ̀ ilé ẹjọ́ kò béèrè ìyẹn. Ohun tó wò ni pé àwọn tó tà á gbà pé kò lè jẹ́ iṣẹ́ rẹ̀ láé, nígbà tó sì ṣeé ṣe kó jẹ́. Ọdún 1987 ni wọ́n tó gbà á padà.

Bí olùrà bá wá mọ̀ ńkọ́, tó sì dákẹ́? Ibí yìí ni òfin ti le jù, lójú ẹni tó ń kọ èyí. Ní ọdún 2000, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Faransé gbọ́ ẹjọ́ àwọn fọ́tò àtijọ́ tí Édouard Baldus yà. Olùrà mọ ẹni tó yà wọ́n, ó sì rà wọ́n ní 1,000 fránkì ẹyọ kan. Ilé ẹjọ́ ní kò sí ohun tó mú un ní dandan láti la ẹni tó ń tà lóye. Èyí ti wọ inú abala 1137 báyìí: jíjẹ́ kí iye tí o dá lé ọjà wà nínú rẹ kì í ṣe jìbìtì. Irọ́ pípa, tàbí mímọ̀ọ́mọ̀ fi ohun tó ṣe pàtàkì sí ẹnì kejì pamọ́, ló ń sọ ọ̀rọ̀ di jìbìtì.

Ti ìbòjú yìí ṣòro fún àwọn tó tà á, nítorí oníṣòwò náà kì í ṣe amòye nípa iṣẹ́ ọnà Áfíríkà, iye tí àwọn tó ń ta ọjà ní gbàǹjo sì kọ́kọ́ dá lé ìbòjú náà fún un kéré gan-an. Ní ọjọ́ 19 oṣù kejìlá ọdún 2023, ilé ẹjọ́ ìlú Alès dá tọkọtìyàwó náà lẹ́bi: wọ́n mọ ibi tí ìbòjú náà ti wá, síbẹ̀ wọn kò fi han ẹnikẹ́ni tó mọ̀ ọ́n kí wọ́n tó tà á. Àwọn tó ni àwòrán Poussin béèrè, wọ́n sì ṣì wọ́n lọ́nà. Àwọn wọ̀nyí kò béèrè rárá. Ìjọba Gabon náà dá sí ẹjọ́ ọ̀hún pé kí wọ́n dá ìbòjú padà sílé, ilé ẹjọ́ kò sì gbà. Ọ̀rọ̀ bí baba àgbà ṣe rí i gbà kò sí lára ohun tí òfin títà àti rírà ń wádìí, bẹ́ẹ̀ ìbòjú Ngil ti àwọn Fang, ẹ̀yà kan tó wà ní Gabon, ni, tí wọ́n fi ẹfun kùn lójú, tí ẹgbẹ́ tó ń dá ẹjọ́ ọ̀daràn máa ń gbé jáde.

Òfin Gẹ̀ẹ́sì, tí Nàìjíríà jogún, tún há ju èyí lọ. Nínú ẹjọ́ Bell àti Lever Brothers, ní 1931, Lord Atkin, ọ̀kan nínú àwọn adájọ́, sọ pé bí olùrà àti olùtà bá jọ gbà pé iṣẹ́ ọ̀gá àtijọ́ ni àwòrán kan, tó sì wá jẹ́ ẹ̀dà òde òní, àdéhùn dúró, àfi bí olùtà bá ti ṣèlérí tàbí tó ti sọ ohun tí kì í ṣe òótọ́. Nítorí náà, ère ilé baba ẹni tí wọ́n tà lọ́pọ̀ ní Ìbàdàn àti èyí tí wọ́n tà ní Kétu, ní orílẹ̀-èdè Benin, níbi tí òfin Faransé ti fìdí múlẹ̀, lè gba ìdájọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀.