Ihò kékeré ara ẹ̀wà: bí oògùn kòkòrò ṣe ń dé inú ìkòkò

Bí wọ́n bá da kóngò ẹ̀wà kan sórí atẹ, ihò ni ojú ìyálé ilé kọ́kọ́ ń wá. Ẹ̀wà tó ti lu, kòkòrò ti jẹ ẹ́, owó rẹ̀ gbọ́dọ̀ wálẹ̀. Èyí tí kò lu, tí ara rẹ̀ ń dán, òun ni gbogbo èèyàn ń ná. Ihò yìí ló ń fa oògùn olóró wọ inú àpò.

Kòkòrò tó ń lu ẹ̀wà kì í ṣe ará ọjà. Callosobruchus maculatus ni àwọn onímọ̀ ń pè é, oko ló sì ti ń bá ẹ̀wà bọ̀. Nígbà tí ẹ̀wà bá ń gbẹ lórí ìtàkùn, abo kòkòrò náà á lẹ ẹyin wínníwínní mọ́ ọn lára. Bí ẹyin bá pa, ìdin inú rẹ̀ á gbẹ́lẹ̀ wọ inú hóró, ibẹ̀ ni yóò ti máa jẹun títí yóò fi di kòkòrò abìyẹ́. Ó máa ń tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin kó tó lu hóró jáde. Ihò tí à ń rí yẹn, ojú ọ̀nà àbájáde ni. Ẹni tó gbẹ́ ẹ ti lọ. Kòkòrò tó jáde náà kò wá oúnjẹ mọ́. Kó gùn, kó yé ẹyin tó lè tó 100, kó kú, iṣẹ́ rẹ̀ parí. Bí ìwọ̀nba díẹ̀ bá wà nínú àpò nígbà tí ọkọ̀ gbé e kúrò ní Kánò tàbí Bọ́nò, lẹ́yìn oṣù mélòó kan ní Bódìjà, ìyẹ̀fun á ti máa jò nídìí àpò.

Oníṣòwò tó ra ẹ̀wà nígbà ìkórè, tó fẹ́ tọ́jú rẹ̀ di ìgbà tó bá wọ́n, kò ní fọwọ́ lẹ́rán máa wo owó rẹ̀ bó ṣe ń di eruku. Oògùn méjì ló wọ́pọ̀ lọ́wọ́ wọn.

Ọ̀kan ni oògùn oníhóró tí wọ́n ń pè ní Phostoxin. Èròjà aluminium phosphide ló wà nínú rẹ̀. Bí ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ bá kàn án, gáàsì kan tó ń jẹ́ phosphine á máa ti ara rẹ̀ jáde, á sì wọnú hóró lọ bá ìdin níbi tó sá pamọ́ sí. Bí wọ́n bá lò ó nínú ilé ìkẹ́rù tí ẹnikẹ́ni ò sùn sí, tí wọ́n sì ṣílẹ̀kùn dáadáa lẹ́yìn náà kí atẹ́gùn gbá gáàsì lọ, èyí tó máa ń kù lára oúnjẹ kéré púpọ̀. Ẹni tó bá sùn sí yàrá tí àpò wà ni ewu rẹ̀ tóbi fún. Gáàsì tó lè wá ìdin rí nínú hóró kò ní ṣòro fún un láti wá ènìyàn rí lórí ẹní.

Èkejì ni dichlorvos, ọmọ ìyá ọ̀tapiápiá, èyí tí ọ̀pọ̀ èèyàn mọ̀ sí Sniper. Fífín ni wọ́n ṣe é fún, wọn ò ṣe é fún dídà sórí oúnjẹ gbígbẹ tí èèyàn fẹ́ sè. Ṣùgbọ́n owó pọ́ọ́kú ni, kì í sì í pẹ́ kó tó pa kòkòrò. Ní ìparí ọdún 2018, àjọ ìjọba tó ń dáàbò bo àwọn oníbàárà ní Nàìjíríà kìlọ̀ ní gbangba pé àwọn kan ń fi í tọ́jú ẹ̀wà lọ́jà.

Iṣan tó ti ọpọlọ wá kì í fara kan ẹran ara. Àlàfo tín-ín-rín kan wà láàrin wọn. Èròjà kan tó ń jẹ́ acetylcholine ni ìránṣẹ́ tó ń la àlàfo yìí kọjá láti sọ fún ẹran ara pé kó súnkì. Bó bá ti jíṣẹ́ tán, ẹ́ńsáìmù kan wà níbẹ̀ tó ń gbá a kúrò lójú ẹsẹ̀ kí ara lè sinmi. Ọwọ́ agbálẹ̀ yìí ni dichlorvos ń dì. Ìránṣẹ́ ò lọ mọ́, ó dúró, ó ń jẹ́ iṣẹ́ kan náà léraléra. Itọ́ á máa dà, omi á máa bọ́ lójú, ọmọlójú á kéré bí orí abẹ́rẹ́, inú á máa lọ́, ara á máa gbọ̀n. Tó bá pọ̀, èémí á dá. Bó ṣe ń pa kòkòrò náà nìyẹn; ìwọ̀n ló yàtọ̀.

Ti ẹ̀kúnrẹ́rẹ́ májèlé kọ́ ni ti ẹ̀wà lóòjọ́, díẹ̀díẹ̀ ni. Ara ń tètè fọ́ dichlorvos, kì í gbé inú ọ̀rá ara fún ọ̀pọ̀ ọdún bíi DDT, oògùn kòkòrò àtijọ́ nì. Àmọ́ ní 1991, àjọ IARC, tó ń ṣèwádìí jẹjẹrẹ lábẹ́ àjọ ìlera àgbáyé, fi í sí ìsọ̀rí àwọn ohun tó ṣeé ṣe kó fa jẹjẹrẹ. Ilẹ̀ Yúróòpù ní kò gbọ́dọ̀ ju 0.01 mílígíráàmù lọ nínú kílò ẹ̀wà kan. Nígbà tí wọ́n yẹ ẹ̀wà gbígbẹ tó ti Nàìjíríà wá wò, wọ́n bá 0.03 títí dé 4.6. Èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀ jẹ́ ìlọ́po 460 ohun tí òfin gbà. Ní oṣù kẹfà ọdún 2015, wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹ̀wà wa, wọ́n sì sún ìgbà náà síwájú lẹ́yìn tó yẹ kó parí. Ará wa ní London tó ń wá ẹ̀wà olóyin mọ̀ ọ́n lára. Àwa tí a wà nílé, àwa ni a jẹ èyí tí wọn ò gbà.

Ní 2019, NAFDAC fòfin de títa dichlorvos inú ìgò kékeré, ti 100 mílílítà sísàlẹ̀. Ìdí pàtàkì ni pé àwọn èèyàn ń fi í gba ẹ̀mí ara wọn. Ó ṣe díẹ̀ fún ọ̀rọ̀ ẹ̀wà pẹ̀lú, ṣùgbọ́n ẹni tó ní ogójì àpò kì í ra ìgò kékeré.

Ṣé sísè ń lé e kúrò? Ó ń dín in kù. Dichlorvos máa ń fẹ́ lọ sínú afẹ́fẹ́, omi àti ooru sì ń fọ́ ọ. Ẹni tó bá rẹ ẹ̀wà, tó fọ̀ ọ́, tó da omi àkọ́kọ́ nù, tó tún bó èèpo rẹ̀ fún àkàrà tàbí mọ́ínmọ́ín, ti yọ púpọ̀ nínú èyí tó wà lára èèpo. Ọjọ́ tí wọ́n fín in náà ṣe pàtàkì: èyí tí wọ́n fín lóṣù mẹ́ta sẹ́yìn kò dà bí èyí tí wọ́n fín lọ́sẹ̀ tí wọ́n gbé e wá síta. Ojú kò lè mọ ìyàtọ̀ náà. Imú nìkan ló máa ń fura nígbà míì.

Ibi tí ọ̀pọ̀ àríyànjiyàn wá dojú kọ ni ẹ̀wà tí wọ́n yí àbùdá rẹ̀ padà, SAMPEA 20-T, tí ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ ní Zaria ṣe. Ìjọba fọwọ́ sí i ní 2019, ó sì dé ọwọ́ àgbẹ̀ ní 2021. Àbùdá kan láti ara kòkòrò àìfojúrí inú ilẹ̀, Bacillus thuringiensis, ni wọ́n fi sí i, kí ẹ̀wà náà lè máa ṣe purotéènì kan fúnra rẹ̀. Bí ìdin àfòpiná tí wọ́n ń pè ní Maruca bá jẹ ẹ́, purotéènì yìí á lẹ̀ mọ́ ibì kan nínú ìfun rẹ̀, á sì dá a lu. Ìfun èèyàn kò ní ibi tó lè lẹ̀ mọ́, oje inú wa sì ń fọ́ ọ bíi purotéènì míì. Àwọn tó ń ta kò ó, bí HOMEF, àjọ kan tó ń jà fún àyíká ní Nàìjíríà, ń béèrè irúgbìn ta ni yóò jẹ́ lọ́la, àti bí ẹni tó ń ra kóngò lọ́jà yóò ṣe mọ èyí tó rà. Ìbéèrè kejì yẹn lágbára: kóngò ò ní lébẹ́ẹ̀lì.

Ohun tí àwọn tó fẹ́ ẹ àti àwọn tó ń ta kò ó kì í sábà sọ ni pé ìdin Maruca ni ẹ̀wà yìí ń bá jà, nínú oko. Ó dín fífín oògùn lóko kù lóòótọ́. Kòkòrò tó ń lu hóró nínú àpò kò sí nínú ìjà náà rárá. SAMPEA 20-T tó bá dé ilé ìkẹ́rù yóò lu bí èyí tó kù, ọwọ́ oníṣòwò yóò sì tún na sí ìgò kan náà.

Ohun tó kojú kòkòrò inú àpò gan-an ti wà tipẹ́, àpò lásán ni. Nǹkan bí ìparí àwọn ọdún 1980 ni àwọn onímọ̀ Yunifásítì Purdue ní Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lórí rẹ̀ pẹ̀lú àwọn ará Kamẹrúùnù. Wọ́n ń pè é ní PICS: ọ̀rá nínípọn méjì nínú, àpò híhun kan lóde. Wọ́n á kún un dẹ́nu, wọ́n á tẹ atẹ́gùn jáde, wọ́n á so ọ̀rá kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀. Kòkòrò àti ìdin inú rẹ̀ á mí afẹ́fẹ́ tó kù tán láàárín ọjọ́ díẹ̀. Òùngbẹ ló ń pa wọ́n lẹ́yìn náà, nítorí ẹ̀wà gbígbẹ kò lómi, afẹ́fẹ́ ni wọ́n ń lò láti fi oúnjẹ ṣe omi nínú ara wọn. Kẹ́ẹ̀gì tí ìdérí rẹ̀ kò gba afẹ́fẹ́ lè ṣe irú iṣẹ́ yìí nílé, bó bá kún dáadáa. Eku tó bá lu ọ̀rá ló ń ba gbogbo rẹ̀ jẹ́.

Tí wọ́n bá tú àpò bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, òkú kòkòrò díẹ̀ lè wà nínú rẹ̀, àti hóró kọ̀ọ̀kan tó ti lu kí afẹ́fẹ́ tó tán. Atẹ ni wọ́n fi ń fẹ́ ìyẹn dànù.