Kí Ló Dé Tí Ẹ̀yìn Fọ́kílíìfù Fi Ń Gbéra Nílẹ̀?

Àṣà kan wà nídìí ẹrù sìmẹ́ńtì tí wọ́n ń kà sí ọgbọ́n iṣẹ́, ní Iléṣà àti níbòmíràn. Fọ́kílíìfù (ẹ̀rọ tó ń gbé ẹrù) gbé pálẹ́ẹ̀tì (pákó tí wọ́n ń to ẹrù lé), ẹ̀yìn ẹ̀rọ náà gbéra nílẹ̀, alábàárù méjì bá fò gùn ún lẹ́yìn kí ó lè wálẹ̀. Ẹ̀yìn á wálẹ̀ lóòótọ́, iṣẹ́ á sì máa lọ. Ewu ńlá ni, bí wọ́n sì ṣe to ẹ̀rọ náà ló ń fi hàn.

Orí táyà iwájú méjèèjì ni gbogbo rẹ̀ dúró lé. Ẹrù wà níwájú wọn, irin ràbàtà wà lẹ́yìn awakọ̀ tó ń fà á padà kí ẹ̀rọ má bàa dojú dé. Kì í ṣe kílò nìkan ni irin yẹn ń bá jà, ó ń bá jíjìnnà ẹrù jà pẹ̀lú. Ẹni tó gbé báàfù omi mọ́ àyà lè bá a rìn. Kí ó na apá síwájú pẹ̀lú báàfù kan náà wò: ẹ̀yìn á máa ro ó, ara á fẹ́ dojú bolẹ̀, bẹ́ẹ̀ omi ò lé kán kan.

Ìdí nìyí tí àwo tí wọ́n kàn mọ́ iwájú awakọ̀ kì í fi í kọ kílò lásán. Ó lè kọ kílò 1,500 ní mìlímítà 500, ìyẹn ni pé àárín ẹrù kò gbọdọ̀ jìnnà ju ààbọ̀ mítà lọ sí ìdí fọ́ọ̀kì, àwọn irin gbọọrọ tó ń wọ abẹ́ pálẹ́ẹ̀tì. Ká sọ pé pálẹ́ẹ̀tì gùn ní mìlímítà 1,200, ó fẹ̀ ní 1,000. Bí fọ́ọ̀kì bá gba ẹ̀gbẹ́ gígùn wọlé tán, àárín ẹrù bọ́ sí 500 gẹ́lẹ́. Bó bá gba ẹ̀gbẹ́ kúkurú, ó di 600. Àpò sìmẹ́ńtì 30 náà ni, kílò 1,500 náà ni, ṣùgbọ́n ó ti ju agbára ẹ̀rọ lọ.

Bọ́ọ̀sì akẹ́rù ló wá ń dán awakọ̀ wò. Fọ́kílíìfù ò lè wọnú rẹ̀, nítorí náà ẹni tó ń kánjú á fa fọ́ọ̀kì sẹ́yìn, á fi ṣóńṣó rẹ̀ gbé pálẹ́ẹ̀tì kí ó lè tì í wọnú lọ́hùn-ún. Àárín ẹrù ti di 800 nìyẹn. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń pe alábàárù.

Táyà ẹ̀yìn ló sì ń darí fọ́kílíìfù! Bí wọ́n bá ti fúyẹ́, sítíárìn ò mú mọ́. Gbígbéra yẹn ni ìkìlọ̀ tó dára jù tí ẹ̀rọ náà ní, torí ó ń wá kí nǹkan tó bàjẹ́. Ẹni tó gun ẹ̀yìn ti pa á lẹ́nu mọ́, bẹ́ẹ̀ ṣéènì tó ń fa fọ́ọ̀kì sókè àti táyà iwájú ṣì ń ru àrùjù. Bí awakọ̀ bá yí sọ́tùn-ún, ìdí ẹ̀rọ á jù sósì pẹ̀lú ẹni tó wà lórí rẹ̀. Bí ẹni náà bá sì bẹ́ sílẹ̀ nígbà tí ẹrù ṣì wà lókè, ẹrù á dojú dé.

Ẹnu bọ́ọ̀sì ló yẹ kí fọ́kílíìfù gbé ẹrù dé, kí wọ́n fi jáàkì pálẹ́ẹ̀tì, kẹ̀kẹ́ tí wọ́n ń fọwọ́ fà, fà á wọnú. Kí bọ́ọ̀sì ti wà lórí háǹdì bíréèkì, kí igi wà nídìí táyà, kí kọ́kọ́rọ́ má sí lọ́wọ́ dírẹ́bà rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má sì sí nínú rẹ̀ nígbà tí fọ́ọ̀kì bá ń rìn. Bí ẹrù bá ti fara kan ilẹ̀ bọ́ọ̀sì, sìpíríǹgì á rì, ilẹ̀ náà á sì bá ẹrù lọ sísàlẹ̀. Awakọ̀ á rò pé fọ́ọ̀kì ti bọ́, á kó rífáàsì, á sì wọ́ pálẹ́ẹ̀tì jáde. Kí ó máa sọ̀ ọ́ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí ìmọ́lẹ̀ á fi hàn láàárín irin àti igi.

Iléṣà kì í ṣe ilẹ̀ pẹrẹsẹ. Lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, òkè ni ẹrù gbọdọ̀ kọjú sí: iwájú ni kí wọ́n fi gùn ún, ẹ̀yìn ni kí wọ́n fi sọ̀ kalẹ̀. Bí ẹ̀yìn bá sì gbéra síbẹ̀, kí wọ́n gbé ẹrù sílẹ̀, kí wọ́n kó àpò 15 kúrò lórí rẹ̀, kí wọ́n sì gbé e lẹ́ẹ̀mejì.