ANT+ àbí Bluetooth: èwo ló yẹ sẹ́ńsọ̀ kẹ̀kẹ́ yín?

Bátìrì CR2032, èyí tó rí pẹlẹbẹ bí owó ẹyọ, ló wà nínú ọ̀pọ̀ sẹ́ńsọ̀ tí à ń so mọ́ kẹ̀kẹ́: èyí tó ń ka bí ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ ṣe ń yí, èyí tó ń ka pẹ́dà, àti bẹ́líìtì àyà tó ń ka bí ọkàn ṣe ń lù. Nǹkan bíi 220 mAh péré (ìwọ̀n iná tí bátìrì kó sínú) ló wà nínú rẹ̀, nígbà tí bátìrì fóònù lè tó 5,000. Nítorí náà, kí ẹ tó yan nẹ́tíwọ́ọ̀kì tí sẹ́ńsọ̀ á fi bá ẹ̀rọ mìíràn sọ̀rọ̀ láìsí wáyà, ẹ kọ́kọ́ dáhùn ìbéèrè méjì. Ẹ̀rọ mélòó ló máa gbọ́ ohun tí sẹ́ńsọ̀ ń sọ? Wákàtí mélòó ni kẹ̀kẹ́ fi ń dúró láìsí ẹni tó gùn ún?

Ẹ yọ Wi-Fi kúrò. Bó bá ń fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́, ó lè fa iná tó ju 100 mA lọ, bátìrì pẹlẹbẹ yìí ò sì lágbára irú ẹrù bẹ́ẹ̀. Zigbee kì í jẹ iná púpọ̀, ṣùgbọ́n ohun èlò inú ilé ló wà fún, fóònù tó ní in sì ṣọ̀wọ́n. LoRaWAN wúlò fún ẹni tó fẹ́ mọ ibi tí olè gbé kẹ̀kẹ́ rẹ̀ gbà, torí ọ̀rọ̀ rẹ̀ lè rin kìlómítà púpọ̀, àmọ́ ọ̀rọ̀ kékeré lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan ni. Ó wá ku ANT+ àti Bluetooth Low Energy, ìyẹn Bluetooth tí kì í jẹ iná púpọ̀.

Iléeṣẹ́ Dynastream ní Cochrane, ní Alberta ti orílẹ̀-èdè Kánádà, ló ṣe ANT, ìpìlẹ̀ tí ANT+ dúró lé. Garmin ra iléeṣẹ́ náà ní 2006. Bí akéde ni sẹ́ńsọ̀ ANT+ ṣe ń ṣiṣẹ́. Ó ń ké ọ̀rọ̀ rẹ̀ síta ní nǹkan bí ẹ̀ẹ̀mẹrin ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, báìtì 8 lẹ́ẹ̀kan, kò sì mọ iye ẹni tó ń gbọ́. Aago ọwọ́, ẹ̀rọ orí ọwọ́ kẹ̀kẹ́ tó ń fi eré hàn, àti kọ̀ǹpútà lè gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan náà, bátìrì rẹ̀ ò ní mọ̀ ọ́n lára. Ibi tó kù sí ni pé orí ìgbì kan ṣoṣo ló ń dúró sí, 2457 MHz, ibẹ̀ gan-an sì ni àárín ìkànnì 10 ti Wi-Fi wà. Bí ẹ bá ń wa kẹ̀kẹ́ nínú yàrá, tí iye agbára ẹsẹ̀ yín ń já lójú ẹ̀rọ, ẹ wo ìkànnì tí Wi-Fi ilé yín ń lò. Ẹ gbé e lọ sí ìkànnì 1.

Bluetooth Low Energy jáde pẹ̀lú Bluetooth 4.0 ní 2010. Òun kì í dúró sójú kan: ìkànnì 37 ló ń fò kiri lórí wọn, ó sì ń yẹra fún èyí tí ariwo bá wà. Ṣùgbọ́n ó fẹ́ mọ ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀. Ọ̀pọ̀ sẹ́ńsọ̀ àtijọ́ kì í gbà ju ẹ̀rọ kan lọ lẹ́ẹ̀kan. Tí fóònù inú àpò bá ti gbà á mú, ẹ̀rọ orí ọwọ́ kẹ̀kẹ́ á wá a títí, kò ní rí i. Ìṣòro yìí ló ń mú kí ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé sẹ́ńsọ̀ wọn ti bàjẹ́. Ẹ pa Bluetooth fóònù, ẹ yí pẹ́dà kí sẹ́ńsọ̀ lè jí, kí ẹ wá fi ẹ̀rọ náà wá a. Tó bá sì jẹ́ fóònù lẹ fẹ́ lò, inú áàpù tí ẹ fi ń wa kẹ̀kẹ́ ni kí ẹ ti so wọ́n pọ̀, kì í ṣe inú sẹ́tíǹsì Bluetooth fóònù.

Pé wọ́n kọ Bluetooth sára páálí kò tó. Sẹ́ńsọ̀ kan lè ní Bluetooth, kó jẹ́ pé áàpù iléeṣẹ́ tó ṣe é nìkan ló gbọ́ èdè rẹ̀. Ẹ fi áàpù ọ̀fẹ́ nRF Connect so mọ́ ọn kí ẹ rí nọ́ńbà tó ń kéde: 0x180D ni ti ọkàn, 0x1816 ni ti eré àti pẹ́dà, 0x1818 ni ti agbára ẹsẹ̀. Bí ẹ ò bá rí èyí tó bá iṣẹ́ rẹ̀ mu, ẹ dá a padà fún ẹni tó tà á.

Lójú tèmi, sẹ́ńsọ̀ tó ń sọ èdè méjèèjì ni kí ẹ rà, wọ́n sì pọ̀ lọ́jà. Ẹ fi ANT+ bá ẹ̀rọ orí ọwọ́ kẹ̀kẹ́ sọ̀rọ̀, kí ẹ fi Bluetooth sílẹ̀ fún fóònù. iPhone kò gbọ́ ANT rárá. Ẹ má ra èyí tó jẹ́ ANT+ nìkan mọ́, torí ètò tí wọ́n fi ń fún ọjà tuntun ní ìwé ẹ̀rí ANT+ parí ní 30 oṣù Kẹfà 2025. Èyí tí ẹ ní tẹ́lẹ̀ á ṣì máa ṣiṣẹ́. Ti kọ́kọ́rọ́ kẹ̀kẹ́ tí à ń fi fóònù ṣí yàtọ̀: ohun tí akéde ń ké, olè náà ń gbọ́ ọ, nítorí náà Bluetooth tó ní ààbò ni kí ẹ lò fún un.

Ẹ jẹ́ ká wá ṣírò bátìrì. Ká ní sẹ́ńsọ̀ ń jẹ 50 µA (ẹgbẹ̀rún µA ló wà nínú mA kan) nígbà tí ẹ bá ń gun kẹ̀kẹ́, wákàtí kan lójúmọ́. Lọ́dún kan, 18 mAh ni ìyẹn. Bó bá ń jẹ 2 µA lójú oorun, ìyẹn nígbà tí kẹ̀kẹ́ dúró, oorun ọdún kan á gba bíi 17 mAh. Àmọ́ bí oorun rẹ̀ bá ń jẹ 20 µA, bíi 168 mAh ti lọ láìsí ẹni tó gun kẹ̀kẹ́! Ìdí nìyí tí bátìrì kan fi ń lo ọdún púpọ̀ tí òmíràn ò fi ju ọdún kan lọ, tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì wọn sì jẹ́ ọ̀kan náà. Ẹ béèrè iye tó ń jẹ lójú oorun kí ẹ tó sanwó. Tí ẹ bá so kẹ̀kẹ́ mọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀ fún ìrìn àjò, ẹ yọ sẹ́ńsọ̀ ẹsẹ̀ rẹ̀, torí gbígbọ̀n ọkọ̀ kì í jẹ́ kó sùn.

Iná kẹ̀kẹ́ ò sí nínú ìṣirò yìí. Gílóòbù rẹ̀ ń jẹ iná débi pé ohun tí rédíò ń jẹ kò hàn.

Omi ara èèyàn ń gbé ìgbì 2.4 GHz, tí ANT+ àti Bluetooth ń lò, mì. Fóònù inú àpò ẹ̀yìn lè máà gbọ́ sẹ́ńsọ̀ tó wà lápá òsì pẹ́dà. Ẹ gbé e sórí ọwọ́ kẹ̀kẹ́. Ti kọ̀ǹpútà, ihò USB 3.0 ń pariwo lórí ìgbì yìí kan náà, nítorí náà ẹ fi wáyà USB mítà kan sí méjì gbé ẹ̀rọ ANT+ kékeré tí à ń kì bọ ihò USB sún mọ́ kẹ̀kẹ́.

Bí ẹ bá fẹ́ pààrọ̀ bátìrì, ẹ yọ ti àtijọ́, ẹ dúró fún ìṣẹ́jú-àáyá 30, ẹ nu òógùn kúrò lọ́wọ́, kí ẹ rí i pé rọ́bà ìdérí jókòó dáadáa kí òjò má baà wọlé. Èyí tí ẹ yọ, ẹ má fi sílẹ̀ níbi tí ọmọdé lè dé. Bó bá gbé e mì, ó lè jó ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ láàárín wákàtí méjì. Ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e lọ lójú ẹsẹ̀, kódà bí ara ọmọ náà bá ṣì dá ṣáṣá.