Ewì Àforíjì Tí Kò Ronú Pìwà Dà

Ọ̀pọ̀ olùkọ́ ló gbà pé bí a bá fẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ ewì nípa ara rẹ̀, ká kàn há bébà, ká ní "ẹ kọ ohun tó wà lọ́kàn yín." Ohun tó ń padà wá kì í ju "inú mi dùn" àti "ayé le" lọ. Ọmọ náà kì í ṣe olódo o. Iṣẹ́ yẹn ni kò ní ibi tó ṣeé dì mú. Ewì àtijọ́ tó lè fi ṣe àwòṣe ló ń fún un níbi tó ti máa bẹ̀rẹ̀. Àwọn tó ń pe èyí ní àdàkọ kò mọ bí télọ̀ ṣe ń ṣe: ó lè wo sítáì lára ẹlòmíì, ṣùgbọ́n ara oníbàárà rẹ̀ ló máa wọ̀n kó tó gé aṣọ.

"This Is Just to Say" dára láti fi bẹ̀rẹ̀. William Carlos Williams, akéwì tó tún jẹ́ dókítà ní New Jersey lÁmẹ́ríkà, ló tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1934: ọ̀rọ̀ 28, ìlà 12, ẹsẹ 3, kò sí kọ́mà kankan. Ẹnì kan jẹ èso plum tí ẹlòmíì tọ́jú de oúnjẹ àárọ̀, ó wá ń tọrọ àforíjì. Nígbà tí akéwì Kenneth Koch fi kọ́ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ P.S. 61 ní New York, ó ní kí wọ́n tọrọ àforíjì fún ohun tí inú wọn dùn pé àwọn ṣe. Ọgbọ́n gbogbo wà níbẹ̀.

Ẹ kà á sókè lẹ́ẹ̀mejì, ẹ má béèrè ìtumọ̀. Ẹsẹ kìíní: ohun tí mo ṣe. Ìkejì: ohun tí ẹni náà fẹ́ fi nǹkan ọ̀hún ṣe.

Ẹsẹ kẹta, níbi àforíjì, ni ewì àwọn ọmọ ti ń kú. Ọmọ tí wọ́n kọ́ dáadáa nílé á kọ "mi ò ní ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́." Williams kò ṣèlérí kankan, ó ní èso náà dùn, ó sì tutù. Torí náà, kí olùkọ́ béèrè pé: báwo ló ṣe rí lẹ́nu, lára, nímú? Ká ní ọmọ kan yọ́ súwẹ́tà ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wọ̀:

Ẹ dárí jì mí
ó móoru
òórùn yín
ṣì wà lọ́rùn rẹ̀

Kò kọ ọ́ pé òun fẹ́ràn ẹ̀gbọ́n òun, ó sì hàn kedere.

Kí wọ́n kọ́kọ́ kọ ọ́ bíi gbólóhùn gígùn kan, kí wọ́n wá gé e níbi tí èémí bá ti dúró. Kò sí ìlà Williams tó ju ọ̀rọ̀ mẹ́ta lọ. Ẹ má gbà kí ìparí ìlà máa dún bákan náà: ọmọ tó ń wá èkejì "night" á kọ "light", bí iná tilẹ̀ ti kú.

Àléébù ewì Williams yìí ni pé kò gba ìbínú. Fún ìyẹn, "I, Too" ti Langston Hughes, akéwì aláwọ̀ dúdú ará Amẹ́ríkà (1926), ló yẹ: wọ́n lé aláwọ̀ dúdú tó ń sọ̀rọ̀ nínú ewì náà lọ jẹun ní kíṣìnì lónìí, lọ́la á jókòó nídìí tábìlì. Kí olùkọ́ gbé méjèèjì kalẹ̀, kí ọmọ fúnra rẹ̀ yàn, kí wọ́n má sì fipá mú un kà á sókè ní kíláàsì.