Òkun Jẹ Ilẹ̀ Lọ́hùn-ún, Ilé Gogoro Dúró Lórí Omi Níbìí: Ìbéèrè àti Ìdáhùn Lórí Etí Òkun Wa

Fídíò Ayétòrò, ìlú etí òkun ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, tún ti ń kiri orí fóònù: ìgbì ń gbá ara ilé, àwọn àgbàlagbà ń wọ́ ẹsẹ̀ nínú omi. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà ni ẹnì kan fi àwòrán Eko Atlantic, ìlú tuntun tí wọ́n ń kọ́ sórí yanrìn tí wọ́n dà sínú òkun ní Èkó, ránṣẹ́, ilé gogoro tó dúró gbagidi níbi tó jẹ́ omi nígbà tí Ọbásanjọ́ ṣì wà lórí oyè ààrẹ. Òkun kan náà ni wọ́n jọ dojú kọ. Ìbéèrè wá bẹ̀rẹ̀ sí í rọ́ wọlé.

Ṣé lóòótọ́ ni òkun ń jẹ ilẹ̀ wa?

Bẹ́ẹ̀ ni.

Kí ló dé tí kì í jẹ ẹ́ bákan náà níbi gbogbo?

Nítorí pé yanrìn ń rìn. Ẹni tí èyí bá yé, ó ti mọ ìdajì ọ̀rọ̀ náà.

Ìgbì tó ń ti gúúsù ìwọ̀ oòrùn bọ̀ kì í kọlu etí òkun wa gbọnrangandan, ẹ̀gbẹ́ ló máa ń gbà wọlé. Bó ṣe ń gbà á bẹ́ẹ̀ ló ń ti yanrìn lọ sí ìlà oòrùn, láti Gánà kọjá Tógò àti Bẹ̀nẹ̀ títí dé Èkó, tí yóò sì tún máa lọ. Yanrìn tó ń gba iwájú Èkó kọjá bẹ́ẹ̀ lọ́dún kan ju ohun tí típà 20,000 lè kó lọ. Etí òkun dà bí ọjà nígbà náà: ẹni kan ń jáde, ẹlòmíràn ń wọlé, èrò ò tán. Ṣùgbọ́n bí ẹnì kan bá ti ilẹ̀kùn tí èrò ń gbà wọlé, àwọn tó wà nínú ọjà yóò ṣáà máa jáde lọ ni, ọjà yóò sì dá.

Ilẹ̀kùn tí wọ́n tì nìyẹn láàárín ọdún 1908 sí 1912. Òkìtì yanrìn abẹ́ omi tó wà lẹ́nu ọ̀sà Èkó ń da ọkọ̀ òkun láàmú (òun náà ni wọ́n fi sọ Bar Beach lórúkọ), ni ìjọba amúnisìn bá to òkúta gbọọrọ wọ inú òkun kí ọkọ̀ lè ráyè wọlé. Ọkọ̀ ráyè wọlé lóòótọ́. Yanrìn ni kò ráyè kọjá mọ́. Apá ìwọ̀ oòrùn èbúté ń sanra, Bar Beach tó wà ní apá kejì sì ń rù. Láti 1958 ni wọ́n ti ń da yanrìn síbẹ̀ léraléra. Owó lọ, yanrìn lọ, òkun kò lọ.

Kì í ṣe Èkó nìkan o. Lẹ́yìn tí wọ́n kọ́ èbúté Lomé àti ti Kùtọnu ní àwọn ọdún 1960, ìlà oòrùn àwọn méjèèjì ni òkun ti bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ilẹ̀. Ní Gánà, ìdídò Akosombo tí wọ́n parí ní 1965 tún há yanrìn tí odò Volta ń gbé bọ̀ wá sínú òkun mọ́ òkè odò.

Ṣé kì í wá ṣe ìbínú Olókun?

Bó bá jẹ́ òun ni, á jẹ́ pé ó ti wo àwòrán àwọn ẹnjiníà kó tó bínú, nítorí ìlà oòrùn èbúté ló ń bọ́ sí ní gbogbo ìgbà.

Ògiri Eko Atlantic ló lé òkun bá àwọn ará Òkun Alfa (àdúgbò Alpha Beach, ní ìlà oòrùn ibẹ̀), àbí òun kọ́?

Ẹ jẹ́ ká rọra lórí èyí, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣi ara wọn gbọ́.

Kìlómítà 8.5 ni wọ́n ṣètò pé ògiri náà yóò gùn, ìlú tí wọ́n sì ń kọ́ sẹ́yìn rẹ̀ fẹ̀ tó kìlómítà onígun mẹ́rin 10. Ó ń dáàbò bo Victoria Island. Àwọn tó mọ bí omi ṣe máa ń bo Ahmadu Bello Way tẹ́lẹ̀ kò ní jiyàn. Àwọn ará Òkun Alfa ní láti ìgbà tí wọ́n ti ń kọ́ ọ ni òkun ti túbọ̀ ń wọ àdúgbò àwọn. Àwọn tó ń kọ́ ọ ní ọwọ́ àwọn mọ́.

Èrò tèmi rèé. Òkun ti ń jẹ ilẹ̀ apá ibẹ̀ kó tó di pé ẹnikẹ́ni ronú kan ògiri. Ṣùgbọ́n kò sí ògiri líle kan létí òkun tí ibi tó parí sí kì í jìyà. Orí yanrìn tó dagun díẹ̀díẹ̀ ni agbára ìgbì ti máa ń rọ̀. Bó bá kọlu òkúta, yóò padà sẹ́yìn tòun ti ìbínú rẹ̀, á sì wá ibòmíràn. Nítorí náà ni ìjọba Èkó ṣe ṣètò òkìtì òkúta 18 tí yóò wọ inú òkun láti Goshen Estate títí dé Alpha Beach. Ó ń ṣiṣẹ́ fún ẹni tó bá wà láàárín wọn. Ṣùgbọ́n èyí tó kẹ́yìn náà ní ìlà oòrùn tirẹ̀.

Ayétòrò náà ńkọ́? Kò sí ògiri kankan níbẹ̀.

Ìyẹn gan-an ni wàhálà wọn. Àwọn onígbàgbọ́ ló tẹ ìlú náà dó ní ilẹ̀ Ìlàjẹ ní 1947, tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, tí wọ́n jọ ń jẹun, tí wọ́n sì ní iná mànàmáná nígbà tí ọ̀pọ̀ ìlú ńlá ṣì ń tan àtùpà. Ilẹ̀ wọn kì í ṣe yanrìn, ẹrẹ̀ ni, ẹrẹ̀ kì í sì í bá ìgbì jà pẹ́. Ní 2004 ni àjọ tó ń rí sí ìdàgbàsókè agbègbè Niger Delta gbé iṣẹ́ ìdáàbòbò ibẹ̀ jáde. Títí di òní, owó iṣẹ́ ni èèyàn ń gbọ́. Ògiri kò sí.

Ṣé ayé tó ń gbóná wà nínú rẹ̀?

Ó wà. Láàárín 1901 sí 2018, ojú òkun lágbàáyé ga sókè ní bíi sẹ̀ǹtímítà 20. Ilẹ̀ tó tẹ́jú bíi ti wa kò lè fojú kéré ìyẹn. Ṣùgbọ́n kí ìjọba má fi ṣe bojúbojú. Ayé tó ń gbóná kọ́ ló kọ́wèé fọwọ́ sí ẹ́sítéètì lórí irà.

Kí ni àwọn ìlú tó mọ̀ ọ́n ṣe ń ṣe?

Gbogbo etí òkun ni wọ́n fi ń ṣe ètò, wọn kì í ṣe é ní pulọ́ọ̀tì-pulọ́ọ̀tì. Ní 2011, Nẹ́dálándì da yanrìn mítà onígun mẹ́ta mílíọ̀nù 21.5 sójú kan, wọ́n sì jẹ́ kí ìgbì fúnra rẹ̀ máa pín in kiri, dípò kí wọ́n máa dà á lọ́dọọdún. Bẹ̀nẹ̀ náà ti gbìyànjú irú rẹ̀ nítòsí Grand-Popo, òun àti Tógò sì jọ ń ṣiṣẹ́ létí ààlà, nítorí yanrìn kì í gba ìwé ìrìnnà.

Èkejì ni pé wọ́n máa ń fi irà sílẹ̀. Irà tó wà láàárín Lẹ́kí sí Ajah ló ń mu omi òjò tẹ́lẹ̀. A fi yanrìn dí i, a kọ́lé lé e, a wá ń béèrè ibi tí omíyalé ti wá.

Ìjọba wó ilé létí òkun Èkó ní 2024. Ṣé ètò yẹn náà nìyẹn?

Rárá. Títì Èkó sí Calabar tó gùn ní kìlómítà 700 ni wọ́n tìtorí rẹ̀ wó o. Ìjọba àpapọ̀ ní ilẹ̀ tó bá wà láàárín mítà 250 sí etí òkun, tàwọn ni. Jíjìnnà sí òkun dára, ìdí tó sì fi dára ni kí yanrìn lè ráyè máa lọ máa bọ̀. Títì kọnkéré kì í sún sẹ́yìn fún un.

Ṣé Èkó máa rì?

Kì í ṣe lọ́la, kò sì ní jẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Àdúgbò kan lẹ́yìn òmíràn ni yóò máa nira láti gbé. Àwọn ibì kan ń sọ̀kalẹ̀ lóòótọ́, pàápàá níbi tí wọ́n fi yanrìn dí. Borehole tí oníkálùkù ń gbẹ́ náà ń fa omi ìsàlẹ̀ ilẹ̀ jáde, ilẹ̀ á sì máa wọlẹ̀ tẹ̀ lé e.

Mo fẹ́ ra ilẹ̀ ní Ìbéjú-Lẹ́kí. Kí ni kí n wò?

Ẹ lọ wò ó lójò, ẹ má lọ lẹ́ẹ̀rùn tí onílẹ̀ ń rẹ́rìn-ín. Ẹ wo gbòǹgbò igi àgbọn etí òkun: bó bá ti yọ síta, òkun ti ń bọ̀. Ẹ ṣí Google Earth, ó ní àwòrán àtijọ́. Ẹ wo ibi tí omi wà ní ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sẹ́yìn. Ẹ bi àwọn apẹja, kì í ṣe ajẹ́ńtì. Ẹ wádìí ìwé ilẹ̀ náà pẹ̀lú, àmọ́ òkun kì í ka C of O.

Mo ti rà á ńkọ́?

Ẹ má ta yanrìn iwájú rẹ̀ fún onítípà.